Ènìyàn mélòó ló tó láti dán oògùn wò? Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Ìlọrin

Ẹ máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ sì máa ń rí i lórí Facebook: "Wọ́n ti dán oògùn yìí wò, ó ń ṣiṣẹ́." Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè ni pé, lára ènìyàn mélòó ni wọ́n ti dán an wò? Ta ló pinnu iye yẹn? Ṣé wọ́n kàn mú 100 torí pé ó rọrùn láti kà ni, àbí owó ló tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi dúró sí 60?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti délẹ̀ ní Nàìjíríà ni ẹ ti ń fi irú ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Ṣàrẹ́ ni mí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ìpínlẹ̀ Kwara. Lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ibà ò ní jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi oògùn ibà ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọ̀kan nínú ìdánwò oògùn tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì ṣe lórí ibà ọmọdé ní Áfíríkà, Ìlọrin wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn kúkúrú

Iye tó tó ni iye tó kéré jù lọ tó lè fi ìyàtọ̀ gidi hàn láàárín oògùn méjì, tí kò ní jẹ́ kí oríire tàbí àgbákò lásán tàn wá jẹ. Bí iye náà bá kéré jù, wọ́n á gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ìdáhùn ò sì ní jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn kan á ṣì máa gba oògùn tí kò dára tó nígbà tí a ti mọ èyí tó dára. Ọ̀ràn ìṣirò ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2005 sí 2010

Tí ibà bá le lára ọmọdé, tí gìrì mú un, tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, quinine ni àwọn dókítà ń fà sí i lára láti ọjọ́ pípẹ́. Oògùn mìíràn wá dé tí wọ́n ń pè ní artesunate. Ewéko kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ayébáyé ni wọ́n ti fa ìpìlẹ̀ rẹ̀ yọ. Abẹ́rẹ́ ni òun náà, ó sì rọrùn láti fún ènìyàn ju quinine lọ, torí quinine gbọ́dọ̀ rọra máa kán wọ ara fún wákàtí mélòó kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ní 2005, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet gbé èsì ìdánwò kan jáde. Bangladesh, Íńdíà, Indonesia àti Myanmar ni wọ́n ti ṣe é, ènìyàn 1,461 ló sì kópa. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gba quinine, 22 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba artesunate, 15 ló kú. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an.

Kí ló wá dé tí wọn ò kàn sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n yí padà lọ́jọ́ náà? Torí pé nínú 1,461 yẹn, 202 péré ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà rèé, ọmọdé ni ibà ń pa jù, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 5. Ara àgbàlagbà ní Myanmar kì í ṣe ara ọmọ ọdún 2 ní Kwara. Wọ́n ní láti bi ara ọmọ Áfíríkà gan-an léèrè.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n pè ní AQUAMAT nìyẹn, ní oṣù kẹwàá 2005. Ibùdó 11 ní orílẹ̀-èdè 9 ló kópa: Mozambique, Gambia, Ghana, Kenya, Tanzania, Uganda, Rwanda, Congo ti Kinshasa, àti Nàìjíríà. Ìlọrin ni ti Nàìjíríà wà. Àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀, bíi Olugbenga Mokuolu, wà lára àwọn tó kọ èsì náà. Kèké ló pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, kì í ṣe ojú rere dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó. Oṣù keje 2010 ni wọ́n tó parí gbígba àwọn ọmọ wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 5.

Àpapọ̀ àwọn ọmọ náà jẹ́ 5,425. Èsì rẹ̀ rèé:

- Ọmọ 2,713 gba quinine, 297 nínú wọn kú. Ìyẹn 10.9 nínú 100.
- Ọmọ 2,712 gba artesunate, 230 nínú wọn kú. Ìyẹn 8.5 nínú 100.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ 67. Ẹ kó ọmọ 67 jọ, wọ́n tó kíláàsì méjì ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé artesunate ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ fún ọmọdé tí ibà bá le lára rẹ̀, níbi gbogbo. Bí wọ́n bá gbé ọmọ kan dé ọsibítù láti Ṣàrẹ́ lónìí tí gìrì ń mú un, abẹ́rẹ́ tí ìlànà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, ara àwọn ọmọ 5,425 yẹn ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ohun tí ojú dókítà kò lè rí

Ẹ tún wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Láti 10.9 sí 8.5, ìyẹn ni pé nínú bí ọmọ 40 tí wọ́n fún ní artesunate dípò quinine, ọmọ 1 ló yè tí ì bá ti kú. Ẹyọ kan nínú 40.

Ẹ wá fojú inú wo dókítà tó wà nínú wọ́ọ̀dù. Ó ń rí àwọn ọmọ tó ń wọlé, ó ń rí èyí tó ń lọlé, ó ń rí èyí tó ń kú. Oṣù kan á le, oṣù kejì á rọ̀. Ọmọ kan tètè dé, ìkejì pẹ́ lọ́nà. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè mú ìyàtọ̀ ẹyọ kan nínú 40 jáde láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn, bó ti wù kí dókítà náà ní ìrírí tó. Ó lè lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kó máa búra pé ìkan náà ni oògùn méjèèjì. Àmọ́ tí ẹ bá fi ẹyọ kan nínú 40 yẹn lọ iye ọmọ tí ibà líle ń dá dúbúlẹ̀ ní Áfíríkà lọ́dọọdún, ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Iṣẹ́ tí iye ènìyàn ń ṣe nínú ìdánwò nìyẹn. Ó ń jẹ́ ká rí ohun tó kéré jù fún ojú, tó sì tóbi jù láti gbàgbé.

Ohun mẹ́rin tó ń pinnu iye náà

Kí wọ́n tó gba ẹni àkọ́kọ́ wọlé, onímọ̀ ìṣirò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà, kí wọ́n dáhùn ohun mẹ́rin.

*Èkíní: báwo ni ohun tí à ń wò ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó tẹ́lẹ̀?* Bó bá jẹ́ ikú là ń wò, ọmọ mélòó nínú 100 ló ń kú báyìí? Tí ohun náà bá ṣọ̀wọ́n, ènìyàn tí a nílò á pọ̀ sí i, torí a ní láti dúró kó ṣẹlẹ̀ tó iye ìgbà kan ká tó lè fi wéra.

*Èkejì: ìyàtọ̀ tó kéré jù lọ wo ló ṣe pàtàkì sí wa?* Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù, torí ìṣirò kọ́ ló ń dáhùn ẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn àti làákàyè ni. Ṣé tí oògùn tuntun bá dín ikú kù pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin, a máa yí padà? Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ogún ńkọ́, tó sì wọ́n ju ti àtijọ́ lọ? Bí ohun tí à ń wá bá ṣe kéré tó ni ènìyàn tí a nílò á ṣe pọ̀ tó.

*Ẹ̀kẹta: igbe èké mélòó ni a lè fara dà?* Nígbà mìíràn oògùn méjèèjì lè rí bákan náà, àmọ́ kí oríire lásán jẹ́ kí ọ̀kan dà bíi pé ó dára jù. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ má ju ìgbà 5 nínú 100 lọ.

*Ẹ̀kẹrin: agbára wo ni ìdánwò wa ní láti rí ìyàtọ̀ tó bá wà lóòótọ́?* Ẹ fi wé àwọ̀n apẹja. Àwọn tó ń pẹja lójú odò Ọya ní apá Pàtígi mọ̀ pé tí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ jù, ẹja kékeré á gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọ̀n á jáde lófìfo, kì í sì í ṣe pé kò sí ẹja nínú odò. Àwọn olùṣèwádìí sábà máa ń fẹ́ kí agbára yìí tó 80 nínú 100, ó kéré tán. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ á fẹ́ 90.

Ẹ mú fóònù yín, ká ṣírò ó

Ìlànà ìkánjú kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò. Kalikulétọ̀ inú fóònù tó o. Ìṣirò tèmi ni èyí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí nọ́ńbà ṣe ń jáde ni.

Ká ní ọmọ 10 nínú 100 ló ń kú pẹ̀lú oògùn àtijọ́, ìyẹn 0.10. Ká ní a fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun lè dín in kù pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin, kó di 7.5 nínú 100, ìyẹn 0.075.

1. Ẹ wá àárín méjèèjì: 0.0875.
2. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.9125. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀: 0.0875 lọ́nà 0.9125. Ó jẹ́ 0.07984.
3. Ìyàtọ̀ tí à ń wá jẹ́ 0.025. Ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 0.000625.
4. Ẹ fi èyí pín ti ìkejì. Ó jẹ́ 127.75.
5. Tí ẹ bá fẹ́ agbára 90 nínú 100, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 21. Tó bá jẹ́ 80 lẹ fẹ́, ọ̀nà 16 ni.

Lọ́nà 21, ó jẹ́ 2,683 fún ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n, nítorí náà àpapọ̀ jẹ́ 5,366. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5,425 ti AQUAMAT. Ṣé ẹ rí i pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run?

Ẹ jẹ́ ká yí ìyàtọ̀ tí à ń wá padà, ká fi agbára sílẹ̀ sí 90:

- Láti 10 sí 5 nínú 100: àpapọ̀ ènìyàn 1,166.
- Láti 10 sí 7.5: ènìyàn 5,366.
- Láti 10 sí 9: ènìyàn 36,110.

Tí ìyàtọ̀ tí à ń wá bá dín kù sí ìdajì, iye ènìyàn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí owó àti ọdún ń bá lọ nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ tún nìyẹn tí Ìlọrin nìkan ò fi lè dá a ṣe. Ká ní ọsibítù kan ń gba ọmọ 200 tí ibà líle ń ṣe lọ́dún, tí gbogbo òbí sì gbà. Á tó ọdún 27 kó tó rí 5,425. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé á ti bímọ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè 9 ṣe da ọwọ́ pọ̀.

Tí iye náà bá kéré jù

Ká ní ọmọ 200 péré ni AQUAMAT lò, 100 lápá kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú oògùn méjì kan náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ 11 kú lápá quinine, kí 8 tàbí 9 kú lápá artesunate. Ìyàtọ̀ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni. Tí ẹ bá fún àwọn 200 ní oògùn kan náà, kèké nìkan lè dá irú ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Wọn ì bá kọ ọ́ sínú ìwé pé "a ò rí ìyàtọ̀ kankan", àwọn dókítà ì bá sì máa bá quinine lọ.

Gbólóhùn yẹn, "a ò rí ìyàtọ̀", ló máa ń tan ènìyàn jù. Kò túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ ò sí. Ní 1978, àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà tún yẹ ìdánwò 71 wò tí gbogbo wọn ti sọ pé oògùn tuntun ò yàtọ̀. Wọ́n rí i pé 50 nínú wọn kéré débi pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi lè pàdánù oògùn tó mú ìtura wá tó ìdá 50 nínú 100. Àwọ̀n ló lójú ńlá.

Ní ilé wa níbí, ẹ rántí Kánò ní 1996. Àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer sì dán oògùn Trovan wò lára ọmọ 200. Ọmọ 100 gba Trovan, 100 gba ceftriaxone. Ọmọ 5 kú lápá Trovan, 6 kú lápá kejì. Ohun tó di ẹjọ́ ni ìyọ̀ǹda: àwọn òbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé òun ò ṣẹ̀. Ní 2009, wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ wo apá ìṣirò rẹ̀ nìkan: 5 sí 6 nínú 100 kò lè sọ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là jù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn fi hàn pé Trovan dára jù ń tan ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun nìkan fi hàn pé ó burú jù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tí iye náà bá pọ̀ jù

Pípọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Tí oògùn kan bá ti hàn pé ó ń pa ènìyàn, a ò gbọ́dọ̀ máa bá a lọ kí nọ́ńbà lè pé. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò tó dára fi máa ń ní ìgbìmọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kì í ṣe àwọn tó ń fún ènìyàn lóògùn. Àwọn nìkan ló ń yọjú wo èsì bó ṣe ń wọlé, wọ́n sì láṣẹ láti ní kí wọ́n dúró.

Ẹ gbọ́ ti FEAST, tí wọ́n ṣe ní Kenya, Tanzania àti Uganda láti 2009. Ọmọ tó dé pẹ̀lú ibà líle tí ẹ̀jẹ̀ ò sì lọ káàkiri ara rẹ̀ dáadáa, ìwé ìṣègùn ní kí wọ́n yára da omi sí i nínú iṣan. Gbogbo ènìyàn gbà pé ó ń gba ẹ̀mí là. Wọ́n wá fi wé kí wọ́n má yára da omi náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, nígbà tí àwọn ọmọ di 3,141, ìgbìmọ̀ ní ó tó. Láàárín wákàtí 48, nínú 100 ọmọ tí wọ́n yára da omi fún, ó lé ní 10 tó kú. Nínú àwọn tí wọn ò dà á fún bẹ́ẹ̀, 7.3 ló kú. Ohun tí wọ́n rò pé ó ń gbani là ló ń pani. Wọ́n ti fẹ́ gbà ju iye yẹn lọ, àmọ́ ìdáhùn ti yọ.

Yíyọjú yìí náà ní òfin. Tí ènìyàn bá ń wo èsì lójoojúmọ́, tó sì dúró lọ́jọ́ tó wù ú, oríire lásán á tàn án. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ìgbà mélòó la máa wò, ẹ̀rí wo ló sì gbọ́dọ̀ lágbára tó ká tó dúró.

"Mo dán an wò lára ènìyàn 20, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan"

Ẹ ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó ń polówó àgbo nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò bá àgbo jà o. Ewéko ni artesunate náà ti wá. Nọ́ńbà 20 yẹn ni mo fẹ́ ká wò.

Òfin kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní òfin mẹ́ta. Tí ẹ bá fún iye ènìyàn kan ní oògùn, tí jàǹbá kankan ò ṣẹlẹ̀, ẹ fi iye wọn pín 3. Ohun tó bá jáde ni jàǹbá tó pọ̀ jù tó ṣì lè fara pamọ́.

- Ènìyàn 20: 3 pín sí 20, ìyẹn 15 nínú 100.
- Ènìyàn 300: 1 nínú 100.
- Ènìyàn 3,000: 1 nínú 1,000.

Oògùn tí kò ṣe ènìyàn 20 ní nǹkan kan ṣì lè máa ba kíndìnrín ènìyàn 15 jẹ́ nínú gbogbo 100. Pé wọ́n sì "yè", èyí náà ò tó, torí ọ̀pọ̀ ibà ló ń lọ fúnra rẹ̀. Níbo ni àwọn 20 mìíràn wà tí kò mu ún, ká fi wéra?

Bákan náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21. Ọmọ 450 ní Nanoro, Burkina Faso, ni wọ́n fi ṣe ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, tó sọ pé ó dín ibà kù tó 77 nínú 100. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Síbẹ̀ wọn ò dúró síbẹ̀, wọ́n tún lọ bá ọmọ 4,800 ní Burkina Faso, Kenya, Mali àti Tanzania. Àjọ NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2023, ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní òpin 2024. Ẹni tó bá ní "wọ́n sáré ṣe é ni", ẹ fi 4,800 yẹn hàn án.

Tó bá jẹ́ Ṣàrẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é

Ohun méjì ló tún máa ń mú kí iye ga.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń já sílẹ̀. Àwọn kan á kó lọ sí Ìlọrin, àwọn kan á lọ sóko kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, nọ́ńbà fóònù àwọn mìíràn ò ní lọ mọ́. Tí ìṣirò bá ní 500, tí a sì mọ̀ pé 10 nínú 100 lè já sílẹ̀, a ò ní gba 500. A máa fi 0.9 pín in, a gba 556.

Èkejì ni agbo ilé. Ká ní àpò ẹ̀fọn tuntun ni wọ́n fẹ́ dán wò, wọ́n wá fún odindi agbo ilé kan ní tuntun, wọ́n fún òmíràn ní ti àtijọ́. Ènìyàn 20 nínú agbo ilé kan kì í ṣe ẹ̀rí 20. Gọ́tà kan náà ló wà lẹ́yìn ilé wọn, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wọ́n, alẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ta ayò níta. Bí a bá mọ̀ pé ìjọra wọn jẹ́ 0.05, ìṣirò rẹ̀ ni 1 pẹ̀lú 19 lọ́nà 0.05, ìyẹn 1.95. Ìdánwò tó nílò ènìyàn 600 tí wọ́n bá pín lọ́kọ̀ọ̀kan á wá nílò 1,170. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rò pé òun ní ẹ̀rí ìlọ́po méjì ohun tó ní.

Tí wọ́n bá wá bá ẹ

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lè bi ẹ́ bóyá o máa fi ara rẹ tàbí ọmọ rẹ sínú ìdánwò. O lè gbà, o lè kọ̀. O sì lè jáde nígbà tó bá wù ẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fi ìtọ́jú dù ẹ́. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bèèrè ìwọ̀nyí:

- Ènìyàn mélòó lẹ fẹ́ gbà, báwo lẹ ṣe mú iye yẹn jáde?
- Ìyàtọ̀ wo lẹ̀ ń wá? Ṣé ikú ni, gìrì ni, àbí kí ibà kàn tètè lọ?
- Kí ni àwọn tí kò bá gba oògùn tuntun máa gbà?
- Ìgbìmọ̀ wo ló ń yọjú wo èsì, tó lè ní kẹ́ ẹ dúró?
- Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ọsibítù wo ló fọwọ́ sí i? Ṣé NAFDAC mọ̀ nípa rẹ̀? Ṣé orúkọ ìdánwò náà wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìta gbangba, bíi ti Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní PACTR?

Èkíní yẹn ni kó o tẹjú mọ́ jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fún ẹ ní nọ́ńbà, á sì sọ ìdí rẹ̀ lédè tó yé ẹ. Tó bá ní "a kàn fẹ́ gba iye tá a bá rí ni", dá ìwé náà padà fún un. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa ẹ́ lára o. Ó lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, kó gba àsìkò rẹ, kó má sì mọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ.